Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Kò Lámì

Sájẹ́ǹtì ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà tó ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀ yìí, bó sì ṣe ń kà á ni inú rẹ̀ ń dùn sí i. Láti ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, kò tíì sí ọ̀daràn kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un báyìí. Inú fóònù ọmọbìnrin agbáwo ilé oúnjẹ tó mú lánàá ló wà, kedere. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní agogo kan ààbọ̀ ọ̀sán àná. Kò pé ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà tí àwọn mẹ́ta tó ń jẹun ní tábìlì keje bẹ̀rẹ̀ sí í bì bíi pé ìfun wọn fẹ́ bá a jáde.

Mama won bu fun mi. Mo ti ba won je. Okan mi bale. E ma so fun enikeni.

"Ẹjọ́ ti parí, Ọ̀gá," ló sọ fún obìnrin kúkúrú tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní ilé ìkòkò. "Ẹ kàn wá fọwọ́ sí i ni. Agogo méjì ọ̀sán ni mo máa gbé ọmọ náà lọ síwájú adájọ́. Ẹ̀wọ̀n ló kù."

"Ẹjọ́ tó ti parí," ni obìnrin náà dáhùn, "kí ló dé tí wọ́n fi pè mí sí i?"

Jẹun-Ná ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pe obìnrin yìí, kódà níṣojú rẹ̀. Kì í bi afurasí ní ìbéèrè kankan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ti àwo oúnjẹ síwájú ẹni náà. "Jẹun ná," ni yóò sọ, yóò wá jókòó, yóò máa wò ó. Ó ní ahọ́n mọ irọ́ pa, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń jẹun kò kọ́ irọ́ rí. Àwọn ọlọ́pàá kéékèèké máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn, àmọ́ bí ẹjọ́ bá ti le, òun náà ni wọ́n máa ń sáré lọ bá.

"Dókítà ló fà á," ni Sájẹ́ǹtì sọ. "Kò jẹ́ ká bá àwọn aláìsàn náà sọ̀rọ̀ láti àná. Ọkàn bàbá tó wà nínú wọn ò lágbára tẹ́lẹ̀. Màdáámù tó ni ilé oúnjẹ yìí sì ti lọ bẹ Ọ̀gá Pátápátá pé ọmọ náà kò lè ṣe é."

"Ìwọ ńkọ́, o ti bi ọmọ náà?"

"Mo kà á sí i létí. Kò fèsì. Ẹni tí kò bá jẹ̀bi, kí ló máa pa á lẹ́nu mọ́?"

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá," ni Jẹun-Ná wí, ó sì ti ilẹ̀kùn wọlé. Sájẹ́ǹtì mọ ìyókù òwe náà dáadáa, kò sì dùn mọ́ ọn nínú pé òun ni wọ́n ń pè ní àgbà òṣìkà.

Ilé ìkòkò náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Ọdún mọ́kànlá ni Màdáámù fi kọ́ iṣẹ́ náà ní Éṣíà. Wọ́n gbẹ́ ihò sí àárín tábìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé ìkòkò sínú ihò náà, iná wà lábẹ́ rẹ̀. Irin kan pín ìkòkò ọ̀hún sí méjì: omitoro pupa tó kún fún ata wà ní apá kan, omitoro funfun tí wọ́n fi eegun sè wà ní apá kejì. Fíríìjì onígíláàsì tò lọ lára ògiri, ẹran tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà wà níbẹ̀, edé wà níbẹ̀, olú oríṣiríṣi, ẹ̀fọ́, ẹyin àti núdùlù. Oníbàárà á dìde, á kó ohun tó bá wù ú, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mú un bọ inú omitoro tó ń hó, á sè é fúnra rẹ̀ níbi tó jókòó sí, á tì í bọ sọ́ọ̀sì, ó di ẹnu. Bó bá tán, á tún dìde. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: JẸ TÍTÍ WÀÁ FI YÓ. Lábẹ́ ìyẹn ni wọ́n kọ èyí tó kéré díẹ̀: PO SỌ́Ọ̀SÌ RẸ FÚNRA RẸ. Tábìlì kékeré kan wà lábẹ́ àkọlé náà, tí wọ́n to ẹ̀pà lílọ̀, ááyù, atalẹ̀, òróró àti ata gígún sí nínú abọ́.

Sájẹ́ǹtì gbé itọ́ mì. Láti ọdún tó kọjá ni ìyàwó rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ kó mú òun wá síbí, ó sì ń sọ fún un pé kò sí oúnjẹ tó yẹ kí èèyàn sanwó fún kó tún wá sè é fúnra rẹ̀. Ó ti ń rò ó báyìí pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

*

Màdáámù ni wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Obìnrin gíga ni, ojú rẹ̀ ti wú nítorí àìsùn.

"Àná kò kún," ló wí. "Àwọn agbáwo méjì yòókù wà nísinmi. Èmi, Kúùkù, Mánéjà àti Ẹlẹ́rìn-ín nìkan la wà níbí."

Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Ọdún méjì ló ti ń gbé àwo níbẹ̀, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn kan máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí tábìlì rẹ̀ á fi ṣófo.

"Ta ni àwọn tó jẹun ní tábìlì keje?" ni Jẹun-Ná bèèrè.

"Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ni, pẹ̀lú bàbá àti màmá rẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n gbé wọn lọ ni Mánéjà tó sọ fún mi."

"Ọmọ yìí ti fẹ́ fi yín sílẹ̀ ni?"

"Rárá o. Mo ń ṣí ilé kejì lóṣù tó ń bọ̀, òun ni mo sì fẹ́ fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni mo sọ fún wọn." Màdáámù nu ojú. "Bóun náà bá di aláṣẹ, mo rò pé àwọn àna rẹ̀ kò ní máa fojú agbáwo wò ó mọ́."

Jẹun-Ná mi orí. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, kì í sábà kọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ kíṣìnnì ni Sájẹ́ǹtì rí ohun tó mú ọkàn rẹ̀ fò sókè. Kúùkù, bàbá arúgbó kan tó wọ fìlà funfun, ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ti nǹkan kan bọ abẹ́ àpò ìrẹsì. Sájẹ́ǹtì kò dúró gbàṣẹ. Ó fò wọlé, ikùn rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé kí òun tó wọlé, ó sì já nǹkan náà gbà. Ọ̀rá kékeré ni, ìyẹ̀fun funfun ló kún inú rẹ̀.

"Ọ̀gá, májèlé rèé. Ọwọ́ tẹ àwọn méjèèjì, wọ́n jọ ṣe é ni."

Kúùkù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ kíṣìnnì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màdáámù gbọ́. Ẹ ṣàánú mi."

Jẹun-Ná ki ìka bọ inú ọ̀rá náà, ó lá a. Sájẹ́ǹtì fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Obìnrin náà dúró, ó tọ́ ọ wò, ó tún lá a lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ṣúgà ni," ló wí.

"Ṣúgà ni, mà," ni Kúùkù fi ohùn kékeré sọ láti ilẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ewéko òkè òkun kan ló ń jẹ́ kí omitoro mi dùn. Màdáámù gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọlọ́pàá ń bọ̀ wá tú ilé, ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ dìde, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ṣúgà yín kò kàn wá. Omitoro tí tábìlì keje jẹ, níbo lẹ ti bù ú?"

"Inú àgbá ńlá yẹn, mà. Ibẹ̀ la ti ń bù ú fún gbogbo tábìlì. Àwọn tó wà ní tábìlì kẹfà àti ìkẹjọ jẹ nínú rẹ̀, wọ́n jẹ àjẹpajúdé, wọ́n sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé."

"Ẹran ńkọ́?"

"Inú fíríìjì kan náà ni gbogbo wọn ti ń kó o."

Nígbà tí wọ́n jáde, Jẹun-Ná ń fọwọ́ lu itan rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Sájẹ́ǹtì mọ ìyẹn. Bí ara obìnrin náà bá ti ń yá báyìí, ó ti gbọ́ òórùn nǹkan.

"Orí tábìlì keje gan-an ni nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe kíṣìnnì," ló wí. "Lọ pe Mánéjà wá."

Mánéjà jẹ́ ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, bàtà rẹ̀ ń dán, jígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ọdún mẹ́jọ ló ti wà níbẹ̀. Kò dúró kí wọ́n bi í léèrè kó tó máa sọ̀rọ̀.

"Ibi tí mo dúró sí nìyí, ní ìdí tábìlì keje, mo ń bu omitoro kún ìkòkò wọn. Ojú mi méjèèjì ló ṣe. Ẹlẹ́rìn-ín ki ọwọ́ bọ àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó yọ nǹkan funfun kékeré kan, ó dà á sínú ìkòkò."

"Apá wo nínú ìkòkò?"

"Apá funfun. Bàbá yẹn kì í jẹ ata, torí náà apá funfun nìkan ni gbogbo wọn jẹ."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn?"

"Mo rò pé iyọ̀ ni, mà. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bì ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé màmá ọkùnrin yẹn ti sọ pé ọmọ òun kò ní fẹ́ agbáwo. Ọmọ yìí sunkún ní kíṣìnnì fún odindi ọ̀sẹ̀ kan."

Sájẹ́ǹtì wo ojú ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ pé ṣé ẹ rí i. Ẹlẹ́rìí wà, ìdí wà, àtẹ̀jíṣẹ́ wà. Kí ni wọ́n tún ń wá?

*

Yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ tábìlì sí ni wọ́n fi Ẹlẹ́rìn-ín sí nígbà tí wọ́n mú un dé láti àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀, pẹ̀lú ọlọ́pàá obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀. Jẹun-Ná gbé abọ́ ìrẹsì kan síwájú rẹ̀.

"Jẹun ná, ọmọ mi."

Ọmọbìnrin náà kò jẹun. Ó ń wo ilẹ̀ lásán.

"Kò burú. Sájẹ́ǹtì, ka àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn fún mi."

Sájẹ́ǹtì na àyà síwájú, ó kà á bí ẹni tó ń ka ìkéde lórí rédíò. "Màmá wọn bú mi. Mo ti bà wọ́n jẹ́. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Àmì ohùn wo ló wà lórí rẹ̀?"

"Kò sí àmì kankan, Ọ̀gá. Ta ló ń fi àmì sí àtẹ̀jíṣẹ́?"

"Ta ló wá fi sí èyí tí o kà?"

Sájẹ́ǹtì tún wo fóònù náà.

"Tún un kà," ni Jẹun-Ná wí. "Rọra. Má fo ọ̀rọ̀ kankan."

"Màmá wọn bú..." Ojú rẹ̀ dúró sórí fóònù náà. "Màmá wọn bú fún mi."

"Bú fún mi. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti bí ọ, ṣé o ti gbọ́ ẹni tó ní wọ́n bú fún òun rí?"

"Rárá, Ọ̀gá."

"Wọ́n máa ń bú èèyàn ni. Kí ni wọ́n máa ń bù fún èèyàn?"

"Oúnjẹ," ni Sájẹ́ǹtì dáhùn, etí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú. Ìgbà mẹ́wàá ló ti kà á láàárọ̀, ìgbà mẹ́wàá náà ló sì fo ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, torí pé kò bá ohun tó ti gbà gbọ́ mu. "Màmá wọn bù fún mi," ló kà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mo ti... mo ti bá wọn jẹ. Ọkàn mi balẹ̀."

Ojú ti Sájẹ́ǹtì, ojú tì í gan-an, nítorí pé òun ló fi ọmọ ọlọ́mọ sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá lórí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ayọ̀ ọmọ náà.

Ẹlẹ́rìn-ín ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Àwọn ló ní kí n jókòó," ló wí. "Màmá wọn ò fẹ́ mi tẹ́lẹ̀, lóòótọ́ ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wá fojú ara àwọn rí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bí wọ́n ṣe ń wò mí tí mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sè é, ni wọ́n kàn sọ pé, jókòó, ìyàwó, wá bá wa jẹ. Wọ́n fọwọ́ ara wọn bu ẹran fún mi látinú ìkòkò. Ṣé mo wá lè kọ̀ ọ́?"

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ nígbà tí Sájẹ́ǹtì kà á sí ọ létí?"

"Òfin ibí ni pé ẹni tó bá bá oníbàárà jẹun, ọjọ́ náà ló ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mánéjà sì dúró síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kà á sí mi létí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló pa mí lẹ́nu mọ́ jù." Ó gbójú sókè. "Tí mo bá ní mo bá wọn jẹ nínú ìkòkò kan náà, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ọsibítù, tí èmi wá dúró ṣáṣá, ta ló máa gbà pé mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Èmi," ni Jẹun-Ná wí.

Ó fa àga, ó jókòó sí iwájú rẹ̀, ara rẹ̀ ti yá gágá. "Ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù yẹn gan-an ló máa yọ ọ́. Dá mi lóhùn dáadáa. O jẹ ẹran?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Apá funfun lo ti jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo jẹ olú àti ẹ̀fọ́, mo tún mu omitoro rẹ̀."

"Sọ́ọ̀sì ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà ronú. "Mi ò fẹnu kan sọ́ọ̀sì. Abọ́ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Tí mo bá dìde lọ po tèmi, Mánéjà á rí i pé mo ń jẹun."

"Ta ló po mẹ́ta yẹn?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mo lọ kó edé ní fíríìjì, àwọn náà dìde lọ yan ẹran, nígbà tí mo fi máa padà dé, ó ti wà lórí tábìlì. Mo rò pé àwọn ló lọ pò ó. Àwọn náà sì bi mí bóyá èmi ni mo gbé e wá."

Jẹun-Ná àti Sájẹ́ǹtì wo ara wọn. PO SỌ́Ọ̀SÌ RẸ FÚNRA RẸ. Ẹnìkan ti po ti ẹlòmíì.

"Èèyàn mẹ́ta ló lè ṣe é," ni Jẹun-Ná wí nígbà tí wọ́n jáde. "Màdáámù, Kúùkù, Mánéjà. Wọ́n sì ti fọ abọ́. Bí ẹyẹ bá ṣe fò ni à ń sọ̀kò rẹ̀. Sọ fún Kúùkù kó se omitoro tuntun, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé tuntun ni. Ìwọ fúnra rẹ po sọ́ọ̀sì ẹ̀pà sínú abọ́ mẹ́ta."

"Kí la fẹ́ fi ṣe, Ọ̀gá?"

"A fẹ́ jẹun."

*

Nígbà tí Màdáámù, Kúùkù àti Mánéjà jókòó yí tábìlì keje ká, ìkòkò ti ń hó kùtùkùtù. Kúùkù ti mọ̀ pé omitoro náà kò ní nǹkan nínú, ṣùgbọ́n Jẹun-Ná ti sọ fún un pé bó bá fi lè fọwọ́ kan án, ọ̀rọ̀ ṣúgà yóò dé etí Màdáámù. Bàbá náà di ọwọ́ méjèèjì mọ́ ara wọn sórí itan.

"Omitoro àná rèé," ni Jẹun-Ná wí. "Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò àwọn aláìsàn yẹn ni a gbé pamọ́. Sọ́ọ̀sì àná náà rèé, inú abọ́ tí wọn ò tíì fọ̀ la ti rí i. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń dùn lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹun ná."

Màdáámù fa àga sẹ́yìn. "Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni? Omitoro tó gbé èèyàn mẹ́ta dé ọsibítù?"

"Mi ò fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ̀yin náà ronú sí i. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá tàn ká, ta ló tún máa wá jẹun níbí? Ilé kejì tí ẹ fẹ́ ṣí, ta ni yóò lè dúró níwájú àwọn oníbàárà, kó sọ pé omitoro yín dára?"

Màdáámù kàn ki ewé ẹ̀fọ́ tútù kan bọ inú sọ́ọ̀sì, ó jẹ ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ fi hàn pé òun kò kúkú sá fún oúnjẹ òun tán. Kúùkù náà ti ẹ̀fọ́ tirẹ̀ bọ sọ́ọ̀sì, ó ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Sájẹ́ǹtì kò lè mú un mọ́ra, ó fi ọwọ́ lásán mú edé kan nínú àwo.

Nígbà náà ni Mánéjà rẹ́rìn-ín. Ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó yíjú sí Màdáámù.

"Èmi kò bẹ̀rù omitoro yín, mà. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti fi ń ta á."

Ó mú igi rẹ̀ méjèèjì, ó ti ẹran kan bọ apá funfun, ó kà dé mẹ́wàá, ó fà á yọ, ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ìkejì, ó jẹ ìkẹta. Ó fi ṣíbí bu omitoro, ó fẹ́ ẹ, ó mu ún tán. Abọ́ sọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò bojú wò ó. Nígbà tí Màdáámù tì í sún mọ́ ọn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í padà wéré.

Jẹun-Ná jẹ́ kó mu ṣíbí kejì tán.

"Sọ́ọ̀sì kò wù yín?"

"Mi ò fẹ́ràn ẹ̀pà, mà."

"Mánéjà ń purọ́," ni Kúùkù sọ kó tó mọ ohun tó ń sọ. "Òun ló ń lá ìdí abọ́ ẹ̀pà mi lójoojúmọ́."

Màdáámù wo abọ́ sọ́ọ̀sì tó ṣì kún níwájú Mánéjà.

"Ẹ sọ fún mi láàárọ̀ yìí," ni Jẹun-Ná wí, kò sì gbé ohùn sókè, "pé ojú yín méjèèjì lẹ fi rí i tí ọmọ yẹn da nǹkan sí apá funfun ìkòkò yìí. Omitoro ọ̀hún ni mo ní kí ẹ jẹ. Màdáámù tí kò rí nǹkan kan, ẹ̀rù bà á. Ẹ̀yin tí ẹ rí májèlé tó wọlé, ẹ fi ṣíbí mu ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn ta ló lè balẹ̀ báyẹn, bí kò ṣe ẹni tó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí?"

"Mo... Ó ti hó, mà. Mo rò pé iná ti pa agbára rẹ̀."

"Ó hó lánàá náà."

Ìgbà yẹn gan-an ni Sájẹ́ǹtì rí nǹkan tó mú kí irun ara rẹ̀ dìde. Mánéjà ti tẹ̀ síwájú lórí ìkòkò, ooru sì ti bo jígí ojú rẹ̀ funfun báláú.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bi í ní ẹyọ ìbéèrè kan." Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ sókè lódì kejì tábìlì. "Mánéjà, ìka mélòó ni mo nà?"

"Mẹ́ta," ni Mánéjà dáhùn kíá.

Sájẹ́ǹtì kò na ìka kankan. Edé ló mú dání. Màdáámù wo edé náà, ó wo Mánéjà, ó sì bo ẹnu.

"Ibi tí o jókòó sí yìí lo ní o dúró sí lánàá," ni Sájẹ́ǹtì wí, ìdùnnú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e kúrò lórí àga. "Orí ìkòkò tó ń hó lo ní o ti ń bu omitoro. O ò rí edé lọ́wọ́ mi, o wá rí nǹkan kékeré tó jáde nínú àpò épírọ́ọ̀nù?"

Mánéjà bọ́ jígí náà. Ó ń nù ún, ó ń nù ún, kò fi í padà sójú mọ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ọdún mẹ́jọ," ló sọ fún Màdáámù. "Ọdún méjì ni tirẹ̀. Ẹ pè mí lọ́jọ́ Ajé, ẹ ní kí n máa kọ́ ọ níṣẹ́ kó lè di ọ̀gá. Mo kàn fẹ́ kó tẹ́ lójú àwọn àna rẹ̀ ni. Oògùn tí wọ́n fi ń mú èèyàn bì ni mo pò mọ́ sọ́ọ̀sì wọn, kì í paniyàn. Mi ò mọ̀ pé ọkàn bàbá yẹn kò lágbára. Nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ, ẹ̀rù bà mí, mo sì ní òun ni."

"O ò sì mọ̀ pé ó bá wọn jẹ," ni Jẹun-Ná wí.

"Ó bá wọn jẹ?" Mánéjà gbójú sókè. Àṣé ó ti wọ kíṣìnnì nígbà tí wọ́n ń jẹun, ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọlọ́pàá obìnrin náà fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́, ó sì mú un jáde.

*

Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló lọ ṣí yàrá aṣọ tábìlì. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí ọmọbìnrin náà jókòó sí, ó ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta tó dára jọ, ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Mo kà á sódì," ló wí. "Jọ̀ọ́, má bínú."

Kò tíì rí èsì gbà tí fóònù tó wà nínú àpò rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Fóònù Ẹlẹ́rìn-ín ni. Ó wo orúkọ tó hàn lórí rẹ̀: Mama Won. Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn obìnrin àgbà kan tó rẹ̀ sì bọ́ sí gbangba.

"Ta nìyẹn? Ọkùnrin, níbo lo ti rí fóònù yìí? Ìyàwó ọmọ mi dà? Láti àná ni mo ti ń bi àwọn nọ́ọ̀sì yìí léèrè pé yàrá wo ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n ní àwọn ò rí ẹni tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bá wa jẹ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bù ú fún un. Tó bá ti kú, ẹ sọ fún mi."

Sájẹ́ǹtì na fóònù náà sí ọmọbìnrin náà, ó sì yíjú sí ògiri, nítorí omi ti lé sí i lójú, kò sì yẹ ọlọ́pàá.

"Èmi rèé, mà," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ẹ kú ìrora. Ara mi le, kò sí nǹkan kan tó ṣe mí."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Gbọ́, bàbá ti lajú báyìí. Ohùn rẹ̀ ò tíì le, àmọ́ ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé ṣé ìyàwó wa tiẹ̀ jẹun yó lánàá, pé ó jọ pé ojú ń tì í. Kí ni kí n sọ fún un?"

Ẹlẹ́rìn-ín gbé ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Jẹun-Ná, tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà náà, fi orí júwe ọkọ̀ fún Sájẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì bọ́ síta, ó lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbàgbà, ó ní kí awakọ̀ ṣáná sí i kíá. Awakọ̀ bi í bóyá ilé ẹjọ́ ni.

"Ọsibítù ni," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Àwọn àna rẹ̀ ń retí rẹ̀."